Ìyá Gbààwẹ̀, Wọ́n Tún Lo Oògùn Àtọ̀gbẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa, ẹni ọdún 71, ń lo glibenclamide 5 mg láràárọ̀ nítorí àtọ̀gbẹ. Tí wọ́n bá gbààwẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó di ago mọ́kànlá, ara wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á làágùn, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu wọn. Ará ilé kan ní oògùn yẹn ló ń ti pọtásíọ̀mù pa, pé kí wọ́n máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dáadáa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ará ilé yín gbọ́. Lóòótọ́, glibenclamide ń ti ilẹ̀kùn tí pọtásíọ̀mù ń gbà jáde, àmọ́ ara sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì, èròjà tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ni ilẹ̀kùn ọ̀hún wà. Kò sọ pé pọtásíọ̀mù ń tán nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ràn án.

Béèyàn bá jẹun, ṣúgà á wọ sẹ́ẹ̀lì yìí, á di agbára, agbára yẹn ni yóò ti ilẹ̀kùn. Pọtásíọ̀mù á há sínú, kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé, ínsúlínì á tú jáde. Oògùn yìí kì í dúró de oúnjẹ ní tiẹ̀: ìyá jẹun o, ìyá ò jẹun o, á ti ilẹ̀kùn náà ni. Ṣúgà wọn ló ń já wálẹ̀ lọ́jọ́ ààwẹ̀.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà sì fi hàn pé ṣúgà wọn ti wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 4 sínú omi fún wọn, tàbí kóòkì bíi 150 ml, kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà. Tí ẹ̀rọ ò bá sí nítòsí, ẹ má wá a kiri, ẹ fún wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n wá jẹun gidi. Bí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló kàn. Kódà bí ojú wọn bá wálẹ̀, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan: oògùn yìí lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kọṣẹ́.

Ọjọ́ tí wọn ò bá ní jẹun láàárọ̀, kí wọ́n má lo hóró àárọ̀ títí wọ́n á fi jẹun. Ẹ kó wọn lọ bá dókítà kí ààwẹ̀ míì tó dé. Lójú tiwa, glibenclamide ò yẹ àgbàlagbà. Gliclazide, tóun náà jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ, kì í sábà já ṣúgà tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún Septrin, oògùn apakòkòrò, ó máa ń fi kún agbára glibenclamide.

Ìbéèrè: Mo ń fi minoxidil 5% pa àtàrí mi tó ń pá. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, irun ń já ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣì ní sùúrù. Eléyìí ń ṣí ilẹ̀kùn pọtásíọ̀mù ni, lára iṣan ẹ̀jẹ̀, tí iṣan fi ń dẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni látìbẹ̀rẹ̀, irun tó ń hù lára àwọn tó ń gbé e mì ló sọ ọ́ di oògùn orí. Irun tó ti fẹ́ já tẹ́lẹ̀ ni tuntun ń tì jáde. Ẹ fi milílítà 1 pa á láàárọ̀, 1 lálẹ́, orí gbígbẹ, fún oṣù mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí àyà bá ń já yín tàbí ẹsẹ̀ ń wú, ẹ dá a dúró kí ẹ lọ rí dókítà.