Python nínú bùráúsà: ohun tí ojú mi rí ní Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ béèrè bóyá àwọn ọmọ gírámà lè máa kọ Python (èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) lórí fóònù láì fi nǹkan kan sórí rẹ̀: ó ṣeé ṣe. Mo fi kọ́ ọmọ 14 nígbà ìsinmi, nínú yàrá kan ní Lágere níbí ní Ifẹ̀. Àmọ́ ìyà jẹ mí ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Bùráúsà ò gbọ́ Python. JavaScript tí Brendan Eich ṣe ní 1995 ni èdè abínibí rẹ̀. Ohun tí Pyodide, irinṣẹ́ tí mo lò, ṣe ni pé ó mú Python fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi C kọ, ó sọ ọ́ di WebAssembly (wasm), èyí tí bùráúsà gbọ́. Ẹni tó bá ṣí ojú ewé yín, odidi Python ló ń fà wọlé yẹn: bíi 10 MB, kí numpy àti pandas, àfikún Python fún ìṣirò àti tábìlì, tó dé. Gbogbo ọmọ ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà lórí hotspot fóònù mi kan ṣoṣo. Dátà mi tán kí print (àṣẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde) kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kó gbogbo fáìlì Pyodide sórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo tẹ ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì nínú fódà, kò dáhùn. Bùráúsà kì í jẹ́ kí ojú ewé tí a ṣí bẹ́ẹ̀ ka fáìlì wasm. Ẹ wọ inú fódà náà, ẹ tẹ python -m http.server, kí àwọn ọmọ so fóònù mọ́ hotspot láptọ́ọ̀pù, kí wọ́n wá tẹ àdírẹ́sì rẹ̀. Láti ìgbà náà, a ò ná dátà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan kọ while True, àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì sọ ibi tí yóò ti dúró. Ojú ewé gan pátá. Ó tún un ṣí, gbogbo ohun tó ti kọ láàárọ̀ ti lọ. Ọmọ náà sunkún, ó sì dùn mí gidi, torí ẹ̀bi tèmi ni. Ẹ jẹ́ kí Python ṣiṣẹ́ nínú Web Worker (ibi tí bùráúsà ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ojú ewé), kì í ṣe lójú ewé gan-an, kí ẹ sì ṣe bọ́tìnnì tí yóò pa Worker náà, tí yóò tún òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ìdádúró tó ń lo SharedArrayBuffer (mẹ́mọ́rì tí ojú ewé àti Worker jọ ń lò) kò ní ṣiṣẹ́ fún yín, torí ó fẹ́ https (ìsopọ̀ tí a dáàbò bò), àdírẹ́sì hotspot ò sì ní in. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi jà á. Ohun tí ọmọ bá ń kọ, ẹ máa fi pamọ́ sí localStorage (àpótí ìpamọ́ inú bùráúsà) bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí fáìlì tí Python bá kọ, orí mẹ́mọ́rì ló wà, ó sì ń parẹ́ tí a bá tún ojú ewé ṣí.

Tó bá jẹ́ print, if àti for nìkan ni ẹ fẹ́ kọ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ dán MicroPython (Python kékeré) tó wà nínú PyScript, irinṣẹ́ mìíràn fún Python nínú bùráúsà, wò. Ó kéré sí Pyodide gan-an. Àwọn ọmọ tèmi fẹ́ fi pandas ka iye owó tòmátò tí wọ́n lọ kọ sílẹ̀ ní Sábó, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kúrò nídìí Pyodide.