Ṣé mo lè jókòó sí Àjàṣẹ́ kí n ní kí wọ́n rọ kímbálì fún dírọ́ọ̀mù ìjọ wa?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ wo Istanbul ní Tọ́kì: ibẹ̀ ni Zildjian, ilé iṣẹ́ kímbálì tó lórúkọ, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1623, àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ṣì ń fi òòlù lù ú lọ́wọ́. Ẹ ní irin B20 lẹ fẹ́, ìyẹn àdàlù bàbà 80, tánganran 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má kàn sọ pé kó fẹ̀ tó ìnṣì 20 o! Ìwúwo náà wà lára ohun tó ń pinnu ohùn gan-an. Ride, ìyẹn kímbálì ńlá tí onílù máa ń lù léraléra láti fi mú ìlù dúró, tó jẹ́ ìnṣì 20, tó sì wọn gíráàmù 1,700 fẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, á rọ̀, á tètè tú ká. Èyí tó wọn 2,500 á máa dún goro. Lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, tó ti ń pariwo tẹ́lẹ̀, fífẹ́lẹ́ ni èmi ó mú. Ẹ ní kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó tán, kí ẹ sì fi owó aṣọ́bodè Kùtọnu kún ìṣirò.