Mo ti yí .env padà, ìkànnì ò gbọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Laravel, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ìkànnì ní èdè PHP, ni mo fi kọ ìkànnì kan fún àwọn aládìírẹ ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo. Mo pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù dátábéèsì, mo sì kọ tuntun sínú `.env`, fáìlì tí Laravel ti ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀, lórí sáfà. Àtijọ́ ni ìkànnì ṣì ń gbé lọ síbẹ̀. Mo pa sáfà, mo tún un tàn, kò yí padà. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ẹ wo inú fódà `bootstrap/cache`. Bí ẹ bá bá `config.php` níbẹ̀, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Ẹnì kan ti ṣe `php artisan config:cache`. Ó lè jẹ́ inú fáìlì àṣẹ tí ẹ fi ń gbé kóòdù lọ sórí sáfà ló wà, tí ẹ ti gbàgbé. Àṣẹ yìí ń ka gbogbo fódà `config` pọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú `.env`, ó sì ń di gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, Laravel kì í ṣí `.env` mọ́: ilé tónílé ti kó kúrò lẹ ń kanlẹ̀kùn rẹ̀. Orí dísìkì ni fáìlì náà sì wà, ìdí nìyẹn tí pípa sáfà kò fi ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ tún `php artisan config:cache` ṣe, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti fọwọ́ kan `.env` lórí sáfà. Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti ń kọ kóòdù, `php artisan config:clear` ni kí ẹ ṣe, kí ẹ má sì dì í mọ́.

Ó ku ibì kan. Bí ẹ bá ní `queue:work`, òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Laravel, tó ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí oníbàárà, ohun tó kà nígbà tó kọ́kọ́ dìde ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ojú ìkànnì á dára, rìsíìtì ò ní lọ. Ẹ ṣe `php artisan queue:restart`: á parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á sì kú. Supervisor, ètò tó ń ṣọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí sáfà, ló ń jí i padà. Bí ẹ kò bá ní Supervisor tàbí irú rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ jí i.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn tí mo ṣe `config:cache`, bọ́tìnì ìsanwó kọ̀ṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó, wà nínú `.env`, ṣùgbọ́n `env('PAYSTACK_SECRET')` nínú controller (fáìlì kóòdù tó ń dá oníbàárà lóhùn) ń dá `null`, ìyẹn òfo, padà.

Ìdáhùn: Ìdí kan náà ni. Bí `.env` kò bá ṣí, ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ gan-an nìkan ni `env()` lè rí. Inú fódà `config` nìkan ló yẹ kí ẹ ti máa pe `env()`. Ẹ kọ èyí sínú `config/services.php`:

`'paystack' => ['secret' => env('PAYSTACK_SECRET')],`

Nínú controller, ẹ wá pè é báyìí: `config('services.paystack.secret')`. Kí ẹ lè rí àwọn yòókù tó sá pamọ́, ẹ ṣe `grep -rn "env(" app routes resources`. Kò sí bí iṣẹ́ ṣe kéré tó tí ẹ ò ní bá méjì tàbí mẹ́ta.

Ìbéèrè: `DB_PASSWORD=Odo#Osun77` ni mo kọ. Dátábéèsì ní páswọ́ọ̀dù ò bá a mu.

Ìdáhùn: `#` ló gé e. `Odo` nìkan ni wọ́n kà, ìyókù di àkíyèsí lásán. Ẹ fi àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan há a: `'Odo#Osun77'`. Àlàfo náà nílò rẹ̀: `APP_NAME=Adire Osogbo` láìsí àmì á mú kí Laravel kígbe “unexpected whitespace”, kò sì ní dìde rárá.

Ìbéèrè: Màmá tó ni ìkànnì fẹ́ kí iye owó máa dín kù lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, ní oṣù kẹjọ. Ṣé kí n fi sínú `.env`?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tó yàtọ̀ láti sáfà dé sáfà ló ń gbé ibẹ̀: páswọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́, àdírẹ́sì. Ohun tí màmá á fẹ́ yí fúnra wọn, láì pè yín láàárín òru, inú táblì dátábéèsì ni kó wà. Ẹ fi `Cache::remember` pa á mọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 300, ìyẹn ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì ṣe `Cache::forget` nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì ìfipamọ́. Ẹ má gbára lé `config(['owo.edinwo' => 10])` nínú kóòdù: ìbẹ̀wò ẹyọ kan yẹn ló wà fún, oníbàárà tó bá wọlé tẹ̀lé e á bá iye àtijọ́.