Mọ́tò tó ń kú tóòrùn bá ti mú: ibi tó kú sí gan-an ni kó o ti yẹ̀ ẹ́ wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù ni mo fi ń kó iṣu láti Ṣakí lọ sí Bódìjà n'Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀ tó bá a wá ló ṣì wà nínú ẹ̀. Tó bá di àárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa yí kọ́kọ́rọ́, ó ti sítáàtì. Àmọ́ tóòrùn bá ti mú, tá a sì ti gbẹ́rù rìn bíi wákàtí kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á gbọ̀n jìgìjìgì, ó kú nìyẹn. Mo lè yí sítátà títí bátìrì á fi rọ, kò ní dáhùn. Tí n bá wá jókòó sábẹ́ igi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á sítáàtì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní pọ́ọ̀ǹpù epo ni, mo pààrọ̀ ẹ̀. Ẹnìkejì ní kí n ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo rà á. Ẹnìkẹta ti wá ń sọ pé ká tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ti ń wá ọlọ́kọ̀ míì, ẹ gbà mí o.
Ọlọ́kọ̀ iṣu, Ṣakí

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, owó tó ti bá a lọ yẹn dùn mí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì yẹn o. Ẹ́ńjìnnì tó ń sítáàtì lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, tó ń gbé iṣu fún wákàtí kan gbáko, kì í ṣe inú ẹ̀ ló ti bà jẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wò ó fún ẹ, mo lè sọ pé ìgbà tó ti tutù ni wọ́n wò ó, bẹ́ẹ̀ tó bá ti tutù, àìsàn yẹn ti sá lọ, kí ni wọ́n fẹ́ rí? Ibi tó bá kú sí gan-an, lẹ́bàá títì níbẹ̀, kó tó tutù, ibẹ̀ lo ti máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà dúdú kan wà tó nípọn, tó ti orí kọ́ìlì, ìyẹn agolo tó ń sọ iná bátìrì di alágbára, wá sí àárín dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná náà fáwọn púlọ́ọ̀gì. Kọ́kọ́ wò ó pé epo ò jò síbì kankan o. Yọ ẹnu wáyà yẹn kúrò lórí dísítíríbútọ̀, fi púláyà tọ́wọ́ ẹ̀ ní rọ́bà mú un, má fọwọ́ lásán mú un torí iná tó ń gba ibẹ̀ lè tó 20,000 fóòtì. Gbé ẹnu ẹ̀ sún mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kó ku bíi mílímítà 6 kó kàn án, kí ọmọ ọkọ̀ wá yí sítátà. Tí iná bá fò, tó ń ró tá! tá! tó sì jẹ́ búlúù, kọ́ìlì ẹ dáa, lọ wo rótọ̀, ìyẹn ọwọ́ kékeré tó ń yí nínú dísítíríbútọ̀, àti ìdérí dísítíríbútọ̀ náà, táwọn yẹn náà bá dáa, a jẹ́ pé epo ló ń hó nínú páìpù. Àmọ́ tí iná yẹn bá pupa, tó tín-ín-rín, tàbí tí ò sí iná rárá, a ti mú olè nìyẹn.

Wá rẹ aṣọ sínú omi, fún un gbẹ, fi wé ara kọ́ìlì, má jẹ́ kómi kan orí ẹ̀ níbi tí wáyà wà. Dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá sítáàtì kíá báyìí, tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lò ń dúró, kọ́ìlì yẹn ló ń pa ẹ́ lówó. Wáyà wẹ́wẹ́ ló wà nínú ẹ̀, tó bá gbóná á fẹ̀, ibi tó ti sán á já, tó bá tutù á tún fara kanra. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó pààrọ̀ kọ́ìlì kẹ́yìn pé irú èwo ló fi sí i, torí oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ń gba 12 fóòtì tààrà, èkejì gbọ́dọ̀ ní rẹ̀sísítọ̀ tó ń dín iná kù lójú ọ̀nà kó má baà gbóná jù. Tí wọ́n bá fi èkejì yẹn síbẹ̀ láìsí rẹ̀sísítọ̀, tuntun lo máa máa rà lóṣooṣù.

Tí aṣọ tútù ò bá yí nǹkan kan padà, kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn agolo kékeré tó wà lára dísítíríbútọ̀, ni kó o fura sí, òun náà máa ń kú tó bá gbóná. Ṣí dísítíríbútọ̀, wo ojú kọ́ńtáàtì, ìyẹn irin kékeré méjì tó ń kanra tó sì ń ṣí, dáadáa nínú oòrùn: tó bá ti jó dúdú, tí kòtò wà lójú ọ̀kan, tí òkìtì kékeré sì hù sójú èkejì, pààrọ̀ kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà pọ̀. Mílímítà 0.4 ni kí àlàfo kọ́ńtáàtì jẹ́, kí wọ́n fi irin ìwọ̀n ṣe é, kì í ṣe bébà páálí sìgá.

Nǹkan kan tún wà tó ti da ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì láàmú lórí 504. 1-3-4-2 ni àwọn púlọ́ọ̀gì ń gba iná tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà wọn ń tò, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì nọ́ḿbà 1 ò sí níwájú lọ́dọ̀ fáànù, ẹ̀yìn ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíá. Ẹni tó bá kà á láti iwájú á to gbogbo ẹ̀ sódì, mọ́tò á máa yìnbọn.

1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná nígbà yẹn, ayé ọjọ́un sì lẹ́ńjìnnì yìí, kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀, ohun tó ń gbé iná ò ju márùn-ún mẹ́fà lọ, ojú lásán lo fi lè rí gbogbo wọn.

ÌBÉÈRÈ: Tójò bá ti rọ̀ báyìí, píkọ́ọ̀pù mi á máa ta kùsẹ̀. Kí ló fà á?
Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, mà. Ọ̀rinrin ni. Kí dẹ́rẹ́bà yín ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lálẹ́ níbi tó ṣókùnkùn, kó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, kó fín omi díẹ̀ bíi ìrì sára àwọn wáyà púlọ́ọ̀gì, kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ máa rí iná búlúù tó ń sáré lára wáyà tó ti sán. Lẹ́yìn náà kó pa á, kó yọ ìdérí dísítíríbútọ̀, kó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kó wá wò ó bóyá ilà tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú kan wà nínú ẹ̀ bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á. Tó bá wà, ẹ ra ìdérí tuntun, ilà yẹn kì í parẹ́.