Èsì: Ṣé òótọ́ ni pé kòkòrò ń wa ọkọ̀?

Àbúrò, o ní ṣé òótọ́ ni fídíò kòkòrò tó ń wa rọ́bọ́ọ̀tì ní Japan, àti pé ṣé a lè fi irú rẹ̀ wá ibi tí gáàsì ti ń jò ní Àkúrẹ́ níbí.

Òótọ́ ni o. Yunifásítì Tokyo ló ṣe é, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2013. Akọ àfòpiná ni, irú èyí tí ìdin rẹ̀ ń pa òwú sílíìkì (kì í ṣe kòkòrò sányán tiwa, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ nìyẹn). Wọn ò yọ ọpọlọ rẹ̀ síta. Wọ́n so ó sórí bọ́ọ̀lù fífúyẹ́ kan nínú rọ́bọ́ọ̀tì náà. Bó ṣe ń rìn, bọ́ọ̀lù ń yí, sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ ìyípadà) ń kà á, ẹ́ńjìnnì kékeré sì ń yí táyà rọ́bọ́ọ̀tì náà.

Òórùn abo àfòpiná ni wọ́n fi tàn án. Bí òórùn bá kàn án, á rìn síwájú tààrà. Bó bá pòórá, á máa yà sọ́tùn-ún yà sósì, á wá máa yí po. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi takisí tó ti gbó lọ́nà Ọ̀bà-Ilé, àfòpiná ṣì tọ́ ọ dé ibi òórùn.

Ti gáàsì ṣòro. Òórùn abo nìkan ló ń tọ̀. Ọgbọ́n tó fi ń tọpa òórùn ni ká kọ sínú kọ̀ǹpútà, ká wá lo sẹ́ńsọ̀ gáàsì. Àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, lè gbìyànjú ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ àfòpiná gan-an lẹ fẹ́ lò, kò ní ná yín lówó oúnjẹ: tó bá ti dàgbà, kì í jẹun mọ́.