Pín kì í ṣe ọgbọọgba, há kì í sì í ṣe pín

Ẹ ní olùkọ́ kan sọ fún ọmọ yín pé "pín" ni kí á dá nǹkan sí ọgbọọgba, pé "há" náà kò sì yàtọ̀ sí i. Ẹ béèrè bóyá òótọ́ ni. Irọ́ ni, irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sì máa ń bí mi nínú gan-an. Bí ọgbọọgba bá ti wà nínú pín, kí la tún ń wí "ẹ pín in dọ́gba" sí?

Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan là ń pín in fún. Èyí tó bá kàn án ni ìpín rẹ̀, ì báà pọ̀, ì báà kéré. Há ní tirẹ̀, ọwọ́ olóore ló wà. Ẹni tó ń ṣe sàráà ń há àkàrà ni: ọmọdé gbé àwo, ó ń yí àdúgbò ká, ẹni tó bá pàdé ló ń fún. Bí àkàrà bá tán kó tó kàn ọ́, ta lo fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn?

Ṣùgbọ́n ìdí ogún ni pín ti fara hàn jù lọ. Ká ní bàbá kan kú, ó fi ilé mẹ́fà sílẹ̀. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó bí márùn-ún. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí igi, ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni yóò gba ilé mẹ́ta, àwọn márùn-ún yóò jọ ni mẹ́ta yòókù, torí pé igi kan ni ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣe orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ilé kọ̀ọ̀kan. Pínpín ni méjèèjì. Kò sí àgbà tí yóò sọ pé wọn kò pín tàkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù rí. Suberu Dawodu kú ní Èkó, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní orí-ò-jorí ló tọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà dá ìyẹn nù ní 1958, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn tí ẹjọ́ wa ń lọ nígbà náà, sì fọwọ́ sí ìdájọ́ 1958 yẹn ní 1962: ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí. Wọ́n ní ìdí igi làṣà Yorùbá, pé bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí iye tó kan oníkálukú, olórí ẹbí ló lè ní kí wọ́n ṣe orí-ò-jorí.

Pínyà, ìpínlẹ̀, ìpín tí ẹ̀dá gbà lọ́run, inú pín yìí náà ni gbogbo wọn ti jáde. Mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì fún ara wọn. Olóṣèlú há ìrẹsì nígbà ìbò, a ní ó "pín" ìrẹsì, bí ẹni pé ogún wa ló gbé wá. Ajílẹ̀ tí wọ́n fi owó ìlú rà fún àgbẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀tọ́ àgbẹ̀, òun la wá ń pè ní "ìjọba ń há ajílẹ̀", tí àgbẹ̀ sì ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún olùkọ́ náà pé kó lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ bí wọ́n ṣe pín ogún bàbá wọn, kó tó tún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.