Ilẹ̀ Mọ́tò Tó Dípẹtà: Ṣé Kí N Fúnra Mi Tún Un Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Omi àgbàrá wọ mọ́tò mi ní Lẹ́kí. Nígbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ti dípẹtà. Ṣé mo lè tún un ṣe fúnra mi, àbí kí n wá wẹ́dà?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ṣónṣó sikirudiráfà gún gbogbo ibi tó pọ́n, pàápàá ojú ibi tí irin méjì ti pàdé. Bí kò bá wọlé, ẹ lè ṣe é fúnra yín: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńdípépà 80 ha á títí irin yóò fi dán, kí ẹ kun rẹ́dì ọ́sáìdì, ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà, lẹ́ẹ̀mejì.

Bó bá lu, ó di ti wẹ́dà. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ CO2, ìyẹn ẹ̀rọ wẹ́dà tó ń lo gáàsì àti wáyà tín-ín-rín, ni kí ẹ wá. Irin ilẹ̀ mọ́tò fẹ́lẹ́, iná ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí àwọn wẹ́dà mìíràn fi ń jó irin, tètè ń lu ú. Kó gé gbogbo ibi tó ti jẹrà kúrò, kó fi páànù tó nípọn tó 1.2 mm dí i, kó sì máa jó o díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí páànù má baà wọ́. Ẹ má gbà kó fi pọ́tì, ìyẹn àtè tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò, dí ihò: omi á máa jẹ irin lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kó tó tan iná, kó tú orí bátìrì, kó kó àga, kápẹ́ẹ̀tì àti wáyà kúrò, kó sì wo ibi tí páìpù epo gbà lábẹ́.

Bí ìpẹtà bá ti dé ìdí bóòtù àga, bẹ́líìtì tàbí ṣáásì, ẹ má dán an wò fúnra yín rárá. Ẹ̀mí ni wọ́n ń dì mú.

Bí kápẹ́ẹ̀tì bá tún ń rin láìsí àgbàrá, ẹ yẹ rọ́bà ilẹ̀kùn àti ojú ibi tí omi AC ń gbà jáde wò.